Ìtàn Ọ̀dà Ọ́fíìsì: Láti Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Dé Ìdí Kọ̀ǹpútà Yín

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́, bóyá ẹ wà níbi iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi íápíìsì sí etí kan ṣoṣo kí ọ̀gá má baà fura, a kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, nítorí tiyín la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀dà ara ògiri.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan rí tí mi ò ní dárúkọ. Oṣù méjì gbáko ni wọn ò fi sanwó fún wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, a dé ibi iṣẹ́, a bá àwọn akunlé lórí àkàbà. Ògiri kan ti di yẹ́lò, èkejì ti di búlúù. Ọ̀gá wa dúró láàárín, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé yẹ́lò máa ń mú ara yá gágá, pé búlúù máa ń jẹ́ kí ọpọlọ jí pépé, pé tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó ti máa ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì mí rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣé wọn ò kọ àwọ̀ owó oṣù síbẹ̀ ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà. Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé àwọ̀ ògiri lè mú kí òṣìṣẹ́ túbọ̀ ṣiṣẹ́? Ṣé òótọ́ ni, àbí àsọdùn? Mo wá ìtàn rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ojú òṣìṣẹ́, ó wá di ìlérí láti tún inú òṣìṣẹ́ ṣe. Apá àkọ́kọ́ ṣì dúró digbí. Apá kejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì.

Funfun tó ń gún ojú

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú San Francisco, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1914. Láyé ìgbà yẹn, funfun ni gbogbo nǹkan inú yàrá iṣẹ́ abẹ: ògiri funfun, aṣọ dókítà funfun, aṣọ tí wọ́n fi bo aláìsàn náà funfun. Ó nídìí. Wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn pé kòkòrò àìfojúrí ló ń mú kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀, funfun kì í sì í bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Harry Sherman. Òun rí i pé funfun yìí ń dí òun lọ́wọ́. Iná tó mọ́lẹ̀ yòò á ta lu nǹkan funfun, á tún padà gún un lójú. Bó bá ti tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara fún ìgbà pípẹ́, tó wá gbójú sókè wo funfun, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Kó tó tún ríran dáadáa padà, àkókò ti lọ, ẹ̀mí èèyàn sì wà lórí tábìlì. Sherman wá ní kí wọ́n kun yàrá iṣẹ́ abẹ òun ní àwọ̀ ewé tó ki, bí àwọ̀ ẹ̀fọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọ̀ ewé? Ẹ mú fóònù yín, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ wá àwòrán kan tó pupa látòkè délẹ̀, kó kún ojú fóònù náà. Ẹ tẹjú mọ́ ọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà, ẹ yára wo ògiri funfun. Ṣé ẹ rí nǹkan kan bí òjìji, tó jọ àwọ̀ ewé tí wọ́n pò mọ́ búlúù, tó ń léfòó níwájú yín? Kì í ṣe iwin o. Apá ojú yín tó ń rí pupa ló ti rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wá wo funfun, tó jẹ́ àpapọ̀ gbogbo àwọ̀, àwọn apá yòókù nìkan ló jẹ́ iṣẹ́ dáadáa, òun lẹ ṣe rí òdìkejì pupa. Lára ògiri funfun, òjìji yìí á máa dààmú oníṣẹ́ abẹ. Lára ògiri aláwọ̀ ewé, á wọ inú ògiri lọ, wọn ò ní rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí aṣọ àwọn oníṣẹ́ abẹ fi wá di àwọ̀ ewé àti búlúù nígbà tó yá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: Sherman kò sọ pé àwọ̀ ewé ń mú inú òun dùn. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n ríran."

Iná tó pọ̀ sí i, iṣẹ́ tó pọ̀ sí i?

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 1924, ìbéèrè mìíràn yọjú nítòsí Chicago. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀, nílùú Cicero, tí wọ́n ń pè ní Hawthorne. Western Electric ló ni ín, ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòwò iná mànàmáná fẹ́ ẹ̀rí kan: pé bí iná bá pọ̀ sí i nínú ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá rí ẹ̀rí yẹn, gílóòbù á tà nìyẹn.

Láti 1924 dé 1927, wọ́n ń fi iná kún iná, wọ́n ń dín in kù, wọ́n ń ka iye iṣẹ́ tó jáde. Ìtàn tí wọ́n wá ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé bí wọ́n fi iná kún un, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Bí wọ́n dín in kù, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i. Wọ́n ní kì í ṣe iná rárá, pé àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ń wo àwọn, ẹnì kan ń ka àwọn sí, ìyẹn ló mú ara wọn yá.

Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Steven Levitt àti John List, rí àwọn iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ láyé ijọ́un, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì rí i pé ohun tó wà nínú ìwé kò mọ́ gedegbe tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ò rí i pé ìtàn tó bá dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá ju ti òtítọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà ní Hawthorne. Ìbéèrè Sherman ni pé, "Ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń ríran?" Ìbéèrè tuntun ni pé, "Èló ni a lè rí gbà sí i lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́?"

Faber Birren, ọkùnrin tó ń ta ìmọ̀ àwọ̀

Ọkùnrin tó so ìbéèrè méjèèjì yìí pọ̀ ni Faber Birren. Wọ́n bí i ní Chicago lọ́dún 1900. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀. Ó wọ Yunifásítì Chicago, kò parí ẹ̀ tó fi kúrò níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà: ó ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn lórí àwọ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un.

Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn alápatà ńlá kan ní Chicago. Wọ́n ti kun ibi ìtajà wọn ní funfun báláú kó lè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n pàtẹ kò wuni í jẹ, ó rí ràndánràndán. Birren gbé ẹran síwájú oríṣiríṣi àwọ̀, ó ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní kí wọ́n kun ògiri ní àwọ̀ ewé tó bá búlúù dọ́gba. Ẹran màlúù bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú oníbàárà.

Ẹran kò yí padà o. Ojú ẹni tó ń rà á ni wọ́n tún ṣe. Ìmọ̀ tí Sherman lò náà nìyẹn, pupa àti òdìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń jẹ èrè. Ní San Francisco, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti aláìsàn ni. Ní Chicago, ẹni tó ń ta ẹran ni. Ọ̀bẹ kan náà ni, ọwọ́ tó dì í mú ló yàtọ̀.

Kí n má fi òótọ́ pamọ́ fún yín, Birren ṣe iṣẹ́ ìdáàbòbò pẹ̀lú. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun tí wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Àwọ̀ eérú tàbí dúdú ni ẹ̀rọ látòkè délẹ̀. Ibi tó lè gé ìka kò yàtọ̀ sí ibi tí kò léwu. Birren àti ilé-iṣẹ́ DuPont, tó ń ṣe ọ̀dà, ṣètò àwọ̀ kan fún ààbò. Yẹ́lò ni fún ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ kọ tàbí forí gbá. Àwọ̀ ọsàn ni fún apá ẹ̀rọ tó lè gé èèyàn. Pupa ni fún ohun èlò ìpaná. Àwọ̀ ewé ni fún àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Lọ́dún 1944, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá rí àwọn ohun èlò ìpaná níbi iṣẹ́ yín tó pupa fòò, tẹ́ ẹ rí ìlà yẹ́lò létí àtẹ̀gùn, irú ìmọ̀ yẹn lẹ̀ ń wò.

DuPont yìí náà ló kọ́ ilé-iṣẹ́ Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí wọ́n ti ṣe èròjà fún bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù. Bẹ́ ẹ bá wá àwòrán yàrá ìdarí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní B Reactor níbẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ káàkiri. Ẹni tó bá máa jókòó fún wákàtí púpọ̀ níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago ìwọ̀n, tí àṣìṣe kan lè di ìjàǹbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi funfun gún un lójú.

Ohun kan náà ni Birren ń sọ nípa ọ́fíìsì. Ó ní ògiri funfun máa ń mọ́lẹ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò lórí tábìlì lọ, pé bí ojú ṣe ń ti ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí òkùnkùn, tó tún ń padà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àwọ̀ tó rọ̀ kùn ún, iṣẹ́ á lọ geere. Títí dé ibí yìí, ojú la ṣì ń bá wí.

Nígbà tí píńkì fẹ́ di oògùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíì lọ nìyí. Lọ́dún 1979, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Alexander Schauss ní àwọ̀ píńkì kan wà tó lè mú kí ara ẹni tó ń bínú rọ̀. Ó bá àwọn ọ̀gá méjì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ológun ojú omi ní Seattle sọ̀rọ̀, Baker àti Miller. Wọ́n po gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan mọ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa, wọ́n fi kun yàrá tí wọ́n ń fi àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé sí. Ìròyìn tó jáde ni pé ìjà rọlẹ̀. Wọ́n sọ àwọ̀ náà ní orúkọ àwọn ọ̀gá méjèèjì, ó sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ẹ gbọ́ bó ṣe parí. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọn ò rí agbára yẹn mọ́. Lọ́dún 2015, ìwádìí kan jáde láti ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Switzerland. Wọ́n fi àwọn kan sí yàrá píńkì, wọ́n fi àwọn kan sí yàrá funfun, wọ́n sì wo ìwà wọn. Kò sí ìyàtọ̀.

Ó yẹ ká bi ara wa: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà fi tètè wọ àwọn èèyàn létí? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ọ̀dà kò wọ́n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó kún àkúnya, oúnjẹ tí kò dára, ẹjọ́ tó ń fà nílẹ̀, gbogbo ìyẹn ló ń ná owó láti tún ṣe. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan kò ná nǹkan púpọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀dà tó, àwọn tó ń sanwó á gbọ́ tirẹ̀ kíákíá.

Ó dé ọ́fíìsì

Ọ́fíìsì náà rí tiẹ̀. Lọ́dún 1964, ilé-iṣẹ́ Herman Miller ní Amẹ́ríkà gbé àga àti tábìlì tuntun kan jáde fún ọ́fíìsì. Robert Propst ló ronú rẹ̀, George Nelson ló yà á. Ó fani mọ́ra, ó ní àwọ̀ tó tàn, ó fún òṣìṣẹ́ láyè láti dìde, láti jókòó, láti ṣe é bó ṣe fẹ́. Kò tà dáadáa, ó wọ́n. Lọ́dún 1968 wọ́n gbé èyí tó rọrùn jáde, tó ní àwọn pátákó ìdábùú tó ṣeé ṣí kiri. Àwọn ilé-iṣẹ́ rí i pé àwọn lè fi pátákó yẹn há ọ̀pọ̀ èèyàn sínú àyè kékeré. Bí wọ́n ṣe dé ìdí àpótí aláwọ̀ eérú tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà nìyẹn. Nígbà tí àpótí náà wá sú gbogbo ayé, ọ̀dà aláràbarà padà wá bí ìwòsàn.

Kí ni àwọn olùwádìí wá rí nípa ọ̀dà ọ́fíìsì fúnra rẹ̀? Nancy Kwallek, ní Yunifásítì Texas nílùú Austin, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1996 ó gbé èsì jáde lórí ọ́fíìsì aláwọ̀ mẹ́sàn-án. Inú funfun ni ọ̀pọ̀ sọ pé àwọn á fẹ́ láti ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àwọn tó wà nínú funfun ṣe àṣìṣe ju àwọn tó wà nínú àwọn àwọ̀ kan lọ. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, ó rí i pé ènìyàn kò dọ́gba: àwọn kan wà tí ariwo àti ohun tó ń lọ láyìíká kì í yọ lẹ́nu, àwọn kan wà tí gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ lára. Àwọ̀ tó bá ti àkọ́kọ́ mu lè máa da ti ìkejì láàmú.

Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2009, Ravi Mehta àti Rui Zhu ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní pupa ń jẹ́ kí èèyàn ṣe iṣẹ́ ìfarabalẹ̀ dáadáa, pé búlúù ń ṣí ọpọlọ sílẹ̀ fún èrò tuntun. Àwọn oníròyìn gbé e káàkiri ayé. Mo fura pé ọmọ ọmọ ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá mi kà. Ohun méjì ni àwọn tó ń pín in kiri kì í sọ. Àkọ́kọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà lò fún àyẹ̀wò náà, kì í ṣe ògiri. Ìkejì, nígbà tí Kenneth Steele tún apá kan rẹ̀ ṣe, tó gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, kò rí ohun tí wọ́n rí.

Yẹ́lò ta ni?

Àwa ọmọ Yorùbá tún ní ìbéèrè tiwa. Funfun, pupa, dúdú: àwọn wọ̀nyí ni àwọ̀ tó ní orúkọ tiwọn látìbẹ̀rẹ̀ lédè wa. Epo pupa ni, ènìyàn pupa ni, ọsàn tó pọ́n náà pupa ni. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi jinlẹ̀, dúdú là ń pè é. Bí màmá mi àgbà bá wọ ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lè sọ pé ògiri kan pupa, èkejì dúdú. Àlà funfun ti Ọbàtálá, ìtutù àti ìwà mímọ́ ni. Pupa ti Ṣàngó, agbára ni. Kì í ṣe pé ojú wa yàtọ̀ sí ti àwọn ará Chicago. Ojú kan náà ni. Ìtumọ̀ tí ọkàn fún ohun tí ojú rí ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àtẹ kan jáde pé yẹ́lò ni ayọ̀, búlúù ni ọgbọ́n, ká bi í pé: lójú ta ni?

Ohun tẹ́ ẹ lè mú lọ

Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ má kun ọ́fíìsì yín o. Ibi tó mọ́ tó sì rẹwà ń buyì kún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Sherman ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ṣé oòrùn ń ti ojú fèrèsé wá tàn sí ojú kọ̀ǹpútà yín? Ṣé ògiri ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ? Ṣé funfun tí iná ń ta lù lẹ̀ ń wò láti àárọ̀ dalẹ́? Ìwọ̀nyí ni ọ̀dà, kọ́tìnì, tàbí yíyí tábìlì padà lè yanjú. Bẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó pe akunlé, ẹ bi àwọn tó máa wo ògiri náà fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọ́fíìsì mi. Ògiri búlúù yẹn ní ìwúlò kan. Ọmọbìnrin kan láàárín wa ti máa ń ráhùn orí fífọ́ nígbà tó kọjú sí funfun tí oòrùn ń ta lù. Lẹ́yìn tí wọ́n kun ún, ó ní ojú òun sinmi díẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú gbogbo wa ṣì ń kọ́ bọ́wọ́bọ́wọ́ lábẹ́ ògiri ayọ̀. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, fóònù ẹnì kan dún, ti ẹlòmíì tẹ̀ lé e, gbogbo ọ́fíìsì bá ń dún kí-kì-kí. Álẹ́ẹ̀tì owó oṣù ni. Ẹ wá wo ẹ̀rín! Ẹ wá wo ara tó yá gágá! Yẹ́lò tó wà lára ògiri láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tá a ti máa dúró nìyí. Ẹ kọ ọ́ sí wa: àwọ̀ wo ni ògiri ọ́fíìsì yín, ṣé wọ́n sì bi yín kí wọ́n tó kùn ún? Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dìgbà kan ná.